Lẹ́tà Sáà Kìíní sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Halloween

Àjàṣẹ́, oṣù Ọ̀wàrà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú làálàá ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Iṣẹ́ sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ara àwọn ọmọ sì le, a dúpẹ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì òkè ti rí àríyá Halloween, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wọ ìbòjú àti aṣọ adẹ́rùbani, lórí fóònù, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé-ìwé ṣe é ní ọjọ́ 31 oṣù yìí. Òbí kan ní eré ọmọdé ni. Òmíràn ní bí a bá ṣe é, òun á mú ọmọ òun kúrò. Èmi àti àwọn olùkọ́ ti jíròrò, a ò ní ṣe é. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Kí ìhìn Kristi tó dé ilẹ̀ Ireland, àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ọdún Samhain nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù bá ń wọlé. Ìtàn wọn ní òru ọjọ́ náà ni ọ̀nà máa ń ṣí láàárín ayé àti ibùgbé àwọn ẹni àìrí. Àwọn mọ́ńkì ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹni tó bá ń ka gbogbo ètùtù òru yẹn lẹ́sẹẹsẹ fún yín ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ìjọ fúnra rẹ̀ ló fi àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Bélú. Ní 835, Póòpù Gregory Kẹrin mú kí ó tàn kálẹ̀. Àìsùn rẹ̀ ni Halloween. Àwọn ará Ireland tí ìyàn ọdún 1845 lé kúrò nílé wà lára àwọn tó gbé e dé Amẹ́ríkà, níbi tí àṣà gbígbẹ́ ojú sára elégédé fún àríyá náà ti gbilẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi tó ti ṣẹ̀ nìkan la wò. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ní òun kò ní jẹ ẹran tí yóò mú arákùnrin òun kọsẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyí: ọmọ tí a ní kó má yọjú wo egúngún ládùúgbò, a tún fẹ́ ra ìbòjú agbárí òkú fún un lọ́jà! Kí ni yóò gbà gbọ́? Pé ti òyìnbó ni eré, tiwa ni ti èṣù. Mi ò lè fi ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ Kristẹni kankan. Ẹ sì wo aṣọ àjẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Láàárín tiwa níbí, ẹ̀sùn àjẹ́ ń ba ayé ìyá arúgbó jẹ́, ó ń tú ẹbí ká. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí ilé bàbá wọn ń gbé egúngún jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n ní ọmọ èṣù yóò rí ìjìyà ilé-ìwé. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín nílé pẹ̀lú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 31, ọmọ tó bá wù yóò sọ ìtàn ẹni mímọ́ kan tàbí ti onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ nínú ẹbí rẹ̀. Àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ti fẹ́ sọ ti Martin Luther, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe Ìjọ, nítorí ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1517 ni a ń rántí fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Wittenberg, nílẹ̀ Jámánì. A ò ní fi dandan mú àwọn ọmọ Mùsùlùmí.

Kò sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí Toussaint, àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́. Ẹ̀yin tó ń lọ sí itẹ́ òkú, ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ sọ fún wọn ta ni bàbá àgbà àti ohun tó ṣe láyé.

Ẹ̀yin tí owó ilé-ìwé ṣì kù lọ́rùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá rí akọ̀wé owó kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Ọ̀gá ilé-ìwé