Adájọ́ tí ààrẹ yàn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ààrẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ààrẹ tó bá ti yan adájọ́ sí Supreme Court Amẹ́ríkà ti ra ìdájọ́ sílẹ̀ nìyẹn, èmi ò gbà rárá. Ẹ wo 1974, nígbà tí Ààrẹ Nixon lóun ò ní kó téèpù tí wọ́n fi gba ohùn òun sílẹ̀ ní White House fún kóòtù, adájọ́ mẹ́jọ ló jókòó lórí ẹjọ́ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló yan mẹ́ta nínú wọn, títí kan Burger tó jẹ́ olórí wọn, síbẹ̀ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ní kó kó o wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi fipò sílẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ kóòtù yẹn ò ní sọ́jà kankan o. Látọdún 1803 ló ti sọ pé òun lè fagi lé òfin tó bá ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wọn, àmọ́ tí aláṣẹ ò bá gbọ́ràn, pépà lásán ni. Ìyẹn ló ṣe ń dùn mí gan-an tí olóṣèlú bá ń halẹ̀ pé òun ò ní tẹ̀ lé ìdájọ́ tí kò wù ú. Kó lọ bá àwọn aṣòfin kí wọ́n tún òfin ṣe, ọ̀nà wà ńbẹ̀, ó kàn le ni.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn