Ẹ jẹ́ ká lè bu ìwọ̀nba tí a nílò nínú dátà ìmìtìtì ilẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, bíi ti Tọ́kì àti Síríà ní 2023, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wa ní Òṣogbo níbí ni pé, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.” Àmín. Àmọ́ èmi tí mò ń ṣírò irin àti kọnkéré ilé jẹun, mo fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí ṣe lè mì tó.

Àwọn onímọ̀ Southern California Earthquake Center ní Amẹ́ríkà (Statewide California Earthquake Center ni wọ́n ń pè é báyìí) ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CyberShake. Kọ̀ǹpútà ràgàjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á mú ibi tí àpáta ti sán lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á ní kó yẹ̀ báyìí, kó yẹ̀ bọ́hùn-ún, wọ́n á wá ṣírò bí ilẹ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò ṣe mì. Ibùdó kan ṣoṣo lè gbà ju 400,000 irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2015, ibùdó 336 ni wọ́n ṣe é fún ní agbègbè Los Angeles.

Níbo ni èèyàn fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sí? Iye tí mímì náà ga dé ló máa ń tó irú wa lò, iye yẹn kò sì wúwo. Ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá tàbí ilé alájà gíga ló máa ń béèrè àkọsílẹ̀ mímì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ẹ bá sì ti pa á rẹ́, àfi kí ẹ tún owó iná àti kọ̀ǹpútà san. Kí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ọn lára, irú àpáta tí wọ́n fi ṣírò àti ẹ̀dà ètò kọ̀ǹpútà tó ṣe é. Láìsí ìyẹn, ìgò àgbo tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe I.T. lọ́dọ̀ mi fẹ́ àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Odindi fáìlì ni wọ́n ní kó fà wálẹ̀. Ó fi fóònù rẹ̀ sí i lóru, wọ́n mú iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, fáìlì náà sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Owó dátà ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ wà: irú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní HDF5 ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka apá kan láìkó gbogbo rẹ̀ sórí. Ní ti mímì tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ gan-an, ìlànà FDSN, àjọ àgbáyé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gba mímì ilẹ̀ sílẹ̀, ti wà: dárúkọ ibùdó, sọ àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ àti tó parí, ìyẹn nìkan ni wọn yóò fún ọ. Kí ló dé tí a ò lè ṣe ti ìṣirò bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Mpape l'Ábújá ní 2018, ojú ibi tí àpáta ti sán sì gba Ìfẹ̀wàrà kọjá nínú Ọ̀ṣun wa níhìn-ín. (N kò sọ pé ilẹ̀ yóò mì lọ́la o.) Ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ mímì ilẹ̀ wà ní Toro, ní Bauchi.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ wa àti àwọn yunifásítì bá fẹ́ náwó sí i, kí wọ́n má fi kọ́ ilé olórúkọ ńlá. Kí wọ́n ra ibi ìkópamọ́ dátà: ẹ̀dà kan ní Òṣogbo, ẹ̀dà kejì nílùú mìíràn, kí wọ́n sì gba ẹnì kan tí yóò máa dá àwọn tó bá béèrè lóhùn, tí owó oṣù rẹ̀ yóò sì máa wọlé déédéé.

Ẹnjiníà kan,
Ògo-Olúwa, Òṣogbo.