Àṣàkẹ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ náà

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Báwo ni ẹsẹ̀ náà lónìí? Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé bí mo bá pè ọ́, "Màmá, mo ti gbọ́" ni wàá máa wí kí n tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ eléyìí kò ṣe é gbọ́ ní ìdajì. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó dá mi lóhùn.

O ní nígbà tí o fò sókè láti gbá bọ́ọ̀lù padà ní Sátidé, orí ẹsẹ̀ ọmọ tó wà níwájú rẹ lo balẹ̀ sí, tìrẹ sì rọ́ sínú. O ní o gbọ́ tó dún. Èèyàn méjì ló gbé ọ kúrò lórí pápá, ó ti wú débi pé kókósẹ̀ kò hàn mọ́, o kò sì tíì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí di àná. Lẹ́yìn gbogbo èyí, o wá ní, "Ẹsẹ̀ rírọ́ lásán ni." Ọ̀rọ̀ "lásán" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

O mọ ẹsẹ̀ òsì mi. O mọ̀ pé n kì í wọ bàtà gíga, àti pé bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, èjìká rẹ ni mo máa ń dì mú. Ọdún 1996 ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ru ẹrù aṣọ, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé létí gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì rọ́. Èmi náà ní lásán ni. Ìyá kan ládùúgbò wa ló ń fi omi gbígbóná àti róòbù wọ́ ọ fún mi láàárọ̀ lálẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Èèyàn méjì ló ń dì mí mú bí mo ṣe ń ké. Ìyá náà fẹ́ràn mi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tó pé ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo tó dé ilé-ìwòsàn. Ẹ́síréè fi hàn pé eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ojúgun sọ̀kalẹ̀ ti sán nísàlẹ̀, ó sì ti ń jinná láìgún régé. Eegun tó sán ni wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Àṣàkẹ́.

Físíò, oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe, tó tọ́jú mi níkẹyìn ló là mí lóye. Ó ní àwọn okùn líle kan ló so eegun mọ́ eegun níbi ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́ sínú, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde ló máa ń nà jù. Nígbà míì fọ́nrán díẹ̀ lára wọn á já, nígbà míì okùn kan á já pátápátá, eegun pàápàá sì lè sán. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa ń wú lójú. Ọwọ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kò ní ojú tó lè fi rí èyí tó jẹ́.

Àwọn dókítà kan ní Ottawa, ní Kánádà, tẹ ìlànà kan jáde ní 1992 láti fi mọ ẹni tó nílò ẹ́síréè, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé báyìí. Wọ́n á fi ìka tẹ ẹ̀yìn àti ṣóńṣó kókósẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ eegun tó yọ ní àárín ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹni náà lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bí orí eegun gan-an bá ń dun èèyàn, ẹ́síréè yá. Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin nígbà tó ṣẹlẹ̀, tí kò sì tún lè gbé e nígbà tí dókítà ń wò ó, ẹ́síréè yá. Wọ́n gbé ìwọ kúrò lórí pápá, o kò sì tíì tẹ ilẹ̀. Má wulẹ̀ dánra rẹ wò mọ́.

Mo mọ̀ pé Tọ́pẹ́ fẹ́ mú ọ lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun láàárín ìlú, àti pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá dé ilé-ìwòsàn, wọ́n á gé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ nípa Igbóbì ní Èkó, ibi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn débi gígé, ibòmíràn ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ti fi ọparun àti okùn di ẹsẹ̀ wọn pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ráyè kọjá, ẹran ara sì ti kú kí dókítà tó rí i. N kò bú àwọn baba wọ̀nyẹn. Mo mọ àwọn tí wọ́n tọ́jú tí wọ́n ń rìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lálẹ́ òní, fi ìrọ̀rí méjì gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà rẹ lọ. Ra omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi, fi aṣọ ìnura wé e, kí o gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn wákàtí méjì kí o tún un ṣe. Má gbé e lé ara lásán, yóò jó ọ. Kò sí omi gbígbóná, kò sí róòbù. Bí o bá fi báńdéèjì dì í, máa wo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá tutù, tí wọ́n kú tipiri tàbí tí àwọ̀ wọn yí padà, tú u kíá, kí o sì lọ sọ́dọ̀ dókítà lóru náà. Má sì jẹ́ kí kẹ́mísì po oògùn àpòpọ̀ fún ọ tàbí kí ó gún ọ lábẹ́rẹ́. O ní ọgbẹ́ inú, ibuprofen àti diclofenac kò bá ọ lára mu. Parasitamọ́ nìkan ni kí o lò títí dókítà yóò fi rí ọ.

Bí ẹ́síréè bá ní eegun kò sán, má rò pé ó ti tán. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pàdánù ọdún púpọ̀. Okùn tó nà, bí wọn kò bá kọ́ ọ padà, ẹsẹ̀ yóò máa yẹ̀ ṣáá. Ní ọgbà yunifásítì yín ní Ifẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn físíò, nítorí náà ní kí dókítà kọ ìwé fún ọ láti rí wọn. Wọ́n á ní kí o máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ lẹ́tà sójú òfuurufú. A, b, d, e, ẹ ni èmi kọ. Nígbà tó yá, mo ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí mo bá ń fọ eyín, mo di ògiri mú lákọ̀ọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ìyẹn sì ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ọjà lónìí. Má padà sórí pápá kí físíò tó ní ó yá, ìbáà jẹ́ pé ẹ ní ìdíje.

Mo ti fi owó sí àkáǹtì rẹ. Mú káàdì ilé-ìwé rẹ dání, a ti san owó ìlera mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Takisí ni kí ẹ wọ̀, má gun ọ̀kadà. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní fọ́tò ẹ́síréè, yà á kí o fi ránṣẹ́. Bí aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la bá lù tí n kò gbọ́ nǹkan kan, màá ti ìsọ̀, màá sì wọ ọkọ̀ Ifẹ̀ ní Ìwó Road.

Màmá rẹ