Ẹ yẹ ìbéèrè wò kí ẹ tó lẹ èsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí èsì ìdánwò yunifásítì bá jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fìdí rẹmi rẹpẹtẹ, ẹjọ́ méjì la máa ń gbọ́. Àwọn òbí á ní ìkà ni àwọn olùkọ́. Àwọn olùkọ́ á ní àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Ẹlẹ́rìí kẹta wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni kì í pè sọ́rọ̀: ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀. Òun la fẹ́ kí wọ́n máa pè, pàápàá ní àwọn kọ́ọ̀sì GST (General Studies) tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ń ṣe pa pọ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń jókòó fún ìdánwò kan náà.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò GST báyìí, ọbjẹ́ktíìfù sì ni. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé: ó mọ ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ máàkì nìkan ni wọ́n sábà ń bù kúrò nínú rẹ̀. Ìyókù wà níbẹ̀ bí ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò fi ṣíbí kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbéèrè wò kò le. Ká ní 2,000 akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe ìdánwò. Ẹ to máàkì wọn láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù, kí ẹ mú 540 lókè àti 540 nísàlẹ̀. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn; Truman Kelley, onímọ̀ nípa ìṣirò ìdánwò ní Amẹ́ríkà, ló ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1939 pé ibẹ̀ ló dáa jù láti gé e, ó sì ti di àṣà láàárín àwọn tó ń yẹ ìdánwò wò. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye àwọn tòkè tó gbà á, ẹ yọ iye àwọn tìsàlẹ̀ tó gbà á kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi 540 pín èyí tó kù. Bí 460 lókè bá gbà á, tí 200 nísàlẹ̀ gbà á, 0.48 lẹ máa rí. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó mọ ẹni tó kàwé yàtọ̀ sí ẹni tí kò kà. Láti 0.30 lọ sókè, kò sí wàhálà. Bí kò bá tó 0.20, ẹ pe olùkọ́ tó gbé e kalẹ̀ kí ẹ jọ tún un kà. Bí ó bá wá lọ sísàlẹ̀ òdo, a jẹ́ pé àwọn tó mọ̀wé ń kùnà á, àwọn tí kò mọ̀ sì ń gbà á. Ohun kan ti bàjẹ́ níbẹ̀.

Nọ́ńbà kejì ni iye ẹni tó gba ìbéèrè náà nínú gbogbo kíláàsì, tí a fi iye gbogbo wọn pín. Láàárín 0.30 sí 0.80 ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ìbéèrè wà. Àmọ́ bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún bá gba ìbéèrè kan, kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ sáré yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ mọ̀ ni, ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Pàkúté kọ́ la ń dẹ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan, irú èyí tí wọ́n lè bi ní GST 112, ìyẹn Nigerian Peoples and Culture: ta ni gómìnà tó pa Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ lọ́dún 1914? A ni Clifford, B ni Macpherson, C ni Lugard, D ni Awólọ́wọ̀. C ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà ti ṣèèṣì tẹ B. Nínú àwọn 540 tòkè, 499 yan C, 21 yan B, 20 yan A, kò sẹ́ni tó yan D. Nínú àwọn 540 tìsàlẹ̀, 310 yan C, 118 yan B, 105 yan A, 7 péré yan D. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka B sí ìdáhùn, 0.18 ni ìbéèrè náà fi lọ sísàlẹ̀ òdo. Ẹ yí i padà sí C, ó di 0.35 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí a bá wo àpapọ̀ máàkì nìkan, a ò lè rí àṣìṣe yìí láéláé. Àwọn ọmọ tó mọ Lugard á kàn pàdánù máàkì kan, wọ́n á sì gbé e mì.

Máàkì kan ọ̀hún kì í ṣe ohun kékeré. Lórí òṣùwọ̀n NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, 69 ni B, 70 ni A. 39 ni F, 40 ti yè. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí àṣìṣe, kí wọ́n tún ìdáhùn ṣe nínú kọ̀ǹpútà kí ó sì tún gbogbo ènìyàn máàkì. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn rárá, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n ṣírò máàkì lórí ìbéèrè 59 dípò 60 tí ìdánwò náà ní. A ò fara mọ́ àṣà kí wọ́n fi máàkì kan ta gbogbo kíláàsì lọ́rẹ, torí ẹni tó wà ní 39 yóò fi bẹ́ẹ̀ yè láìmọ nǹkan kan kún èyí tó mọ̀.

Ẹ padà wo D nínú ìbéèrè yẹn. Oṣù kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n pa ilẹ̀ yìí pọ̀ ní oṣù kìíní 1914. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kì í ṣe gómìnà, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀. Òkú ìdáhùn là ń pe irú rẹ̀. Nínú 60 ìbéèrè tó ní ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tó di ojú tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ yóò gba nǹkan bí 15. Bí òkú ìdáhùn kan bá wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni kan náà yóò gba nǹkan bí 20. Bí ó bá ti ní 20 nínú máàkì 40 ti CA, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń máàkì ṣáájú ìdánwò, ó ti yè nìyẹn. Kí wọ́n fi Richards rọ́pò Awólọ́wọ̀. Òun náà ṣe gómìnà ní Nàìjíríà, ẹni tí kò kàwé á sì ronú kó tó tẹ nǹkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tún le ni ti kíkó wọn wọlé ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 250, tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 4,000, ọ̀wọ́ 16 ni. Wákàtí kan fún ìdánwò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti kó àwọn kan jáde kí àwọn mìíràn wọlé: wákàtí 24 ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko bí wọ́n bá ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣe é lóòjọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, expo, ìyẹn ìbéèrè tó ti jò síta, ti kún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìbéèrè jọ sínú àká, 300 ó kéré tán, kí kọ̀ǹpútà máa mú 60 níbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá kàn ń mú èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ọmọ kan lè ko ìbéèrè líle 25, kí ti ẹnì kejì rẹ̀ má ju 8 lọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n pín àká náà sí àwọn orí ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì pín orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí èyí tó rọrùn, èyí tó wà láàárín àti èyí tó le, kí wọ́n pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà iye tí yóò mú nínú ìkọ̀ọ̀kan. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ èyí tó le? Nínú nọ́ńbà èsì tó kọjá, èyí tí a ní wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn ni. Olùkọ́ kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ohun tó rọrùn lójú ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ni nípa rẹ̀ lè jẹ́ òkè lójú ọmọ tuntun. (Kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ìdáhùn ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tẹ ọ̀kan, kó má dúró dìgbà tó bá parí. NEPA ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.)

Iye ìbéèrè orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí à ń fojú dá. Wákàtí 30 ni GST 112 nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé kalẹ̀ fún àwọn yunifásítì ní ìparí ọdún 2022. Orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi wákàtí 6 kọ́, 12 nínú ìbéèrè 60 ló tọ́ sí i. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé orí kìíní àti ìkejì ló máa ń gba ìbéèrè jù, torí wọ́n rọrùn láti bi.

Ti ìdánwò tí wọ́n ń fọwọ́ kọ, ṣókí ni tiwa. Kí olùkọ́ máàkì ìbéèrè kìíní nínú gbogbo ìwé tán kó tó bọ́ sí ìkejì, kí ìbéèrè kìíní tó dáa má baà tan ojú rẹ̀ jẹ lórí ìyókù. Kó tún ìwé dàrú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, kó má jẹ́ àwọn kan náà ni àárẹ̀ rẹ̀ ń bá. Bí olùkọ́ méjì bá fẹ́ jọ máàkì, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ máàkì ìwé 20 kan náà. Níbi tí wọ́n bá ti fi ju máàkì 2 lọ yàtọ̀ síra nínú 15, ìlànà ìmáàkì ló ní àléébù, kí wọ́n tún un kọ.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí? Ọ̀wọ̀ la fi ń sọ ọ́ fún àwọn Gíwá wa: ènìyàn wà nílé. Àwọn tó ń kọ́ni ní Tests and Measurement wà ní àwọn ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní Institute of Education. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń yẹ ìdánwò wò, ṣùgbọ́n ìdánwò GST tó ń lọ ní ọgbà kan náà lè má kan ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn olùyẹ̀wò láti ìta, tí a jogún láti ìgbà tí Ìbàdàn wà lábẹ́ Yunifásítì London, láti 1948 di 1962, ọdún àṣekágbá ni wọ́n sábà ń yẹ̀ wò. Ìdánwò GST kì í kàn wọ́n. Owó gọbọi kọ́ ló máa ná wọn: yunifásítì tó bá ń lo Moodle, ètò kọ̀ǹpútà fún ìkọ́ni àti ìdánwò, irú àwọn nọ́ńbà báyìí ti wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kẹ́ni tẹ̀ ẹ́ síta ni. Ẹni tó bá mọ Excel náà á ṣe é tán láàárín ọ̀sán kan.

A mọ ohun tó ń ba àwọn olùkọ́ lẹ́rù. Wọ́n lè rò pé nọ́ńbà yìí ni wọ́n máa fi dá ìgbéga dúró. Kí Sẹ́nétì yunifásítì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ olùkọ́ ni ìwé tí nọ́ńbà náà wà ń lọ, kò ní wọ fáìlì ẹnikẹ́ni. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni wọ́n á máa bi.

Kí wọ́n fi GST 112 bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní lẹ́yìn ìdánwò, kí wọ́n gbé ìdáhùn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n ṣírò nọ́ńbà méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹta, kí àwọn olùkọ́ jókòó ti àwọn ìbéèrè tí kò tó 0.20, wọn kì í pọ̀. Ọjọ́ kẹrin, kí kọ̀ǹpútà tún máàkì. Ọjọ́ karùn-ún, kí wọ́n lẹ èsì.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ mẹ́ta nídìí ètò ìdánwò,
Ìbàdàn.