Àwọ̀ nìkan kọ́ là ń wò lára aquamarine

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn tó ń kó òkúta iyebíye jọ, inú mi sì dùn pé ẹ rántí wa. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò: ibi tí ẹ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra aquamarine, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù yẹn, ṣáà máa wá èyí tó búlúù jù. Ìyẹn lè tọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe òrùka. Fún ẹni tó ń wá kírísítálì bó ṣe jáde látinú ilẹ̀, ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Aquamarine tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà dúró ṣánṣán lórí òkúta funfun kan tí wọ́n ń pè ní feldspar, ó gùn tó àtàǹpàkò mi, ó mọ́ gaara bí omi, mica wẹ́wẹ́, òkúta tó rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, sì ń dán yí ìdí rẹ̀ ká. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó ra tọ́ọ̀ṣì ultraviolet, irú èyí tó máa ń mú kí àwọn nǹkan kan tàn nínú òkùnkùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì náà sí i. Kírísítálì náà ṣókùnkùn, àmọ́ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan feldspar, ìlà kan tàn yòò yí i po. Gọ́ọ̀mù ni. Mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, àṣé ńṣe ni wọ́n wọ́n mica lúúlúú sórí gọ́ọ̀mù náà kó má baà hàn. Mica tó wù mí jù lọ lára rẹ̀!

Ìrísí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ẹbí òkúta tí wọ́n ń pè ní beryl ni aquamarine, òun àti emerald aláwọ̀ ewé. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló máa ń ní, bíi pẹ́ńsù, orí rẹ̀ sì sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn òkúta míì wà tí èèyàn lè ṣì mú fún un, bíi quartz àti topaz. Orí quartz máa ń ṣe ṣóńṣó, ìlà wẹ́wẹ́ á sì dábùú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń mọ topaz aláwọ̀ búlúù: ó wúwo tó omi lọ́nà mẹ́ta ààbọ̀, nígbà tí aquamarine ò ju nǹkan bí ìlọ́po 2.7 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí pé líle rẹ̀ tó 7.5 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí òkúta tó le jù wà ní 10, kí ẹ máa fi ha nǹkan wò. Etí rẹ̀ lè ṣá, èyí tó bá sì ti ṣá, ó ti ṣá náà nìyẹn.

Ká wá sórí àwọ̀ tí ẹ tẹnu mọ́. Irin tó wà nínú òkúta náà ló ń fún un ní búlúù. Ọ̀pọ̀ ló jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru bíi 400 ìwọ̀n Celsius sọ di búlúù. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Èyí tó burú jù ni beryl tí wọ́n ń pè ní Maxixe, tí wọ́n wà jáde ní Brazil lọ́dún 1917. Búlúù rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bá a, á máa ṣí. Wọ́n sì ń fi ìtànṣán olóró (radiation) ṣe irú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yín lè gbé ìyẹn wálé.

Ní tèmi, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tí orí rẹ̀ pé, tó ṣì wà lórí òkúta tó hù lé, tí wọ́n kọ ibi tó ti jáde sí i lára, yálà àfonífojì Shigar ní Pakistan tàbí Erongo ní Namibia, ni mo máa mú. Bí ojú rẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi inú ilẹ̀ jẹ, iṣẹ́ ilẹ̀ nìyẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an. Kírísítálì tó kán tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pàápàá ò burú, bí ẹni tó ń tà á bá ti sọ ọ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta olókùúta tí wọ́n sì dákẹ́, ìyẹn ni èrú.

Tèmi yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ. Mo kọ ọ́ sórí páálí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ má baà tà á fún ẹlòmíì bíi ti tòótọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín, tó ń kó òkúta jọ