Owó tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù Kérésìmesì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí fíìmù apanilẹ́rìn-ín ọdún Kérésìmesì bá ti jáde, owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn fi ń dá a lẹ́jọ́. Òṣùwọ̀n yẹn kò bá a mu. Ìdílé kì í sáré lọ sí sinimá lọ́jọ́ kìíní; ìsinmi iléèwé ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ wo Home Alone. Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1990 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 dọ́là ló pa ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ ó wà nípò kìíní fún òpin ọ̀sẹ̀ 12 léraléra, títí wọ oṣù Kejì, nígbà tí kò sẹ́ni tó tún ń rántí Kérésìmesì mọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 285 dọ́là tó kó jọ níbẹ̀ nìkan, ìyẹn ju ìlọ́po 16 owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Fíìmù tó bá rí ìlọ́po mẹ́rin pàápàá ti gbìyànjú.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe èrè. Àwọn onísinimá máa ń mú nǹkan bí ìdajì, owó ìpolówó kò sì sí nínú iye tí àwọn tó ṣe fíìmù ní àwọn fi ṣe é. Mílíọ̀nù 18 péré ni wọ́n ná sórí Home Alone, ìdí nìyẹn tí èrè rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó bá ná mílíọ̀nù 100 dọ́là lè nílò mílíọ̀nù 200 sí 250 owó tíkẹ́ẹ̀tì kó tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé tún máa ń dínwó ju ti àgbà lọ.

Àwa òǹkàwé yín tí à ń tọpa owó fíìmù