Kí ni Durant jí?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Oklahoma City ni mò ń gbé. Nígbà tí Kevin Durant, àgbà òṣèré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2016 pé òun ń fi ẹgbẹ́ wa, Oklahoma City Thunder, sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Golden State Warriors, omi bọ́ lójú mi. Ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ nà wá! Nínú ìdíje 7 tí a bá wọn ṣe, a ti fi ìborí 3 sí 1 ṣíwájú wọn, wọ́n sì fi 4 sí 3 lé wa lọ sílé.

Àmọ́ nígbà tí mo rí àwọn tó ń dáná sun ẹ̀wù rẹ̀, mo bi ara mi pé: kí ló jí? Àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ọdún 9 ló fi bá ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Seattle. Ní 2012, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa fi James Harden, òṣèré wa, ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Houston. Ní oṣù Kẹfà 2016 kan náà, wọ́n fi Serge Ibaka, òṣèré wa mìíràn, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Orlando. Bí ọ̀gá bá tà, wọ́n á ní òwò ni. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ, ó di ọ̀dàlẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ mi.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oklahoma City, Amẹ́ríkà